Gilbert White, Àlùfáà Tí Ó Fi Etí Mọ Ẹyẹ

Ìtàn ìgbésí ayé tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa nínú ìwé yìí kì í ṣe ìtàn ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti jagunjagun. Ọkùnrin náà kò ṣẹ́gun ìlú kankan, kò kó ọrọ̀ jọ, kò sì dé ipò gíga nínú ìjọ tí ó sìn. Abúlé kan ṣoṣo ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Síbẹ̀, ó ti lé ní 200 ọdún tí ó ti kú, orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́ láàárín àwọn tí ń wádìí ìṣesí ẹyẹ àti ẹranko. Gilbert White ni orúkọ náà. Bí ó ti fi hàn pé ẹyẹ kékeré kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé ó jẹ́ ọ̀kan ju ọ̀kan lọ, èyí ni a ó fi ṣe gbòǹgbò ìtàn wa.

A bí Gilbert White ní ọjọ́ 18, oṣù Keje, ọdún 1720, ní abúlé Selborne, ní agbègbè Hampshire, ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abúlé náà tó nǹkan bí máìlì 50 sí Lọ́ńdọ̀nù. Ilé àlùfáà ni a bí i sí, nítorí baba-baba rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Gilbert White, ni àlùfáà àgbà ìjọ Selborne nígbà náà. Òun ni àkọ́bí àwọn òbí rẹ̀, ọ̀pọ̀ àbúrò ni ó sì tẹ̀ lé e. Òkè kan wà lẹ́yìn abúlé yìí tí igi ńláńlá bò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn ọ̀nà rẹ̀ sì ti jìn wọ inú ilẹ̀ bí kòtò, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti gbà wọ́n kọjá nígbà òjò. Ibi tí ọ̀nà kò ti dára, tí àlejò kò sì pọ̀, ni Ọlọ́run gbé iṣẹ́ ọkùnrin yìí kalẹ̀ sí.

Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ní ìlú Basingstoke, lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí Oriel College ní Oxford, ó sì gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1743. Ní ọdún kejì, wọ́n kà á kún àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní 1749 a fi í jẹ àlùfáà. Ojú gbogbo ènìyàn ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa gòkè lọ. Ṣùgbọ́n kò lè di àlùfáà àgbà ní Selborne bí baba-baba rẹ̀, nítorí Magdalen College ni ó ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tí yóò wà ní ipò náà, ọmọ Oriel sì ni òun. Wọ́n fi ipò lọ̀ ọ́ ní ibòmíràn, owó tí ó wà níbẹ̀ sì ju ti abúlé lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi Selborne sílẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ àlùfáà olùrànlọ́wọ́ ní ìjọ yìí àti ní ìjọ tọ̀hún ní agbègbè ilé rẹ̀. Nígbà tí ó sì di 1784, ó tún padà di olùrànlọ́wọ́ ní ìjọ Selborne gan-an, nínú iṣẹ́ yìí ni ó wà títí ó fi kú. Kò gbéyàwó. Ilé ìdílé wọn, tí a ń pè ní The Wakes, ni ó ń gbé, ọgbà rẹ̀ sì dojú kọ òkè náà.

Kí ni ọkùnrin yìí ń ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, yàtọ̀ sí ìwàásù, ìsìnkú àti ìrìbọmi? Ó ń wò, ó ń gbọ́, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1751 ó bẹ̀rẹ̀ ìwé kan tí ó ń kọ iṣẹ́ ọgbà rẹ̀ sí: ọjọ́ tí ó gbin irúgbìn, ọjọ́ tí ó hù, ọjọ́ tí òtútù pa á. Láti 1768 ni ó ti ń lo ìwé mìíràn tí a tẹ ojú-ewé rẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń kọ òjò, afẹ́fẹ́, òdòdó, kòkòrò àti ẹyẹ tí ó rí sínú rẹ̀ títí di oṣù tí ó kú. Ọdún 25 ni èyí. Àwọn àgbà wa sọ pé díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kò sí ọjọ́ kan nínú àwọn ọjọ́ wọ̀nyí tí ó dà bí ọjọ́ ńlá, ṣùgbọ́n nígbà tí a kó wọn jọ, wọ́n di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní irú rẹ̀.

Ní 1767 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí Thomas Pennant, ọ̀mọ̀wé kan tí ń ṣe ìwé nípa àwọn ẹranko àti ẹyẹ ilẹ̀ Britain. Láti 1769 ni ó ti ń kọ̀wé sí Daines Barrington pẹ̀lú, amòfin tí ó fẹ́ràn irú ẹ̀kọ́ yìí. Inú lẹ́tà sí Pennant ni ọ̀ràn àwọn ẹyẹ kékeré náà ti jáde.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí òtútù bá ń lọ tí igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, àwọn ẹyẹ tín-ń-tín kan a máa dé sínú igbó. Ẹ̀yìn wọn ní àwọ̀ ewé gbígbó, abẹ́ wọn funfun, àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ sì bá a lé. Ìlà rírẹ̀ kan wà ní òkè ojú wọn. Láti ṣóńṣó ẹnu dé ìrù, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 11 ni wọ́n gùn, ìwọ̀n wọn sì wà ní àyíká gíráàmù 9. Wọn kì í dúró lójú kan. Láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka ni wọ́n ti ń ṣa kòkòrò jẹ. Ní 1758, nígbà tí Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, to orúkọ àwọn ẹ̀dá inú ayé sínú ìwé, orúkọ kan ni ó fún irú ẹyẹ yìí. Kò yani lẹ́nu. Òkú ẹyẹ tí a gbẹ inú rẹ̀ tí a sì kó sínú àpótí ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà ń wò, òkú ẹyẹ kì í sì í kọrin.

Ṣùgbọ́n White ń gbé láàárín àwọn tí ó wà láàyè. Ó ti kíyè sí i pé ohùn méjì ni òun ń gbọ́ láti ẹnu ẹyẹ tí ó ní àwọ̀ kan náà. Èkínní a máa bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ ní òkè, a sì máa sọ ọ́ kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ohùn náà yóò fi rọ̀ tí yóò sì kú, bí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Èkejì kò mọ̀ ju ohùn méjì lọ. Ìwọ̀nyí ni ó ń sọ ní àsọtúnsọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí alágbẹ̀dẹ tí ń fi ọmọ-owú lu irin. Lónìí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ti àkọ́kọ́ ní willow warbler, wọ́n sì ń pe èkejì ní chiffchaff. Nínú ìtàn yìí, Olórin ni a ó máa pe ti àkọ́kọ́. Ní ti Chiffchaff, igbe rẹ̀ náà ni orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti fi igbe kòwéè sọ ọ́ lórúkọ.

Àwa tí a bí ní ilẹ̀ Yorùbá kò gbọdọ̀ ka ọ̀nà tí White gbà yìí sí àjèjì. Ẹ kọ igbá, ìgbà àti igba sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, ojú kò ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá pè wọ́n, ọmọdé pàápàá mọ èyí tí a fi ń bu omi, èyí tí ń kọjá lọ, àti èyí tí ó jẹ́ iye owó-ẹyọ. Etí mọ ohun tí ojú kò mọ̀. Ohun tí White rí nìyí: pé ẹyẹ méjì lè wọ aṣọ kan náà, kí ohùn wọn sì máa sọ pé àwọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan.

Síbẹ̀ kò fi ohùn nìkan dá ẹjọ́. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn méjì lè jẹ́ pé ẹyẹ kan ni ó gbọ́ ní ìgbà méjì, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn kan ti lè sunkún kí ó sì tún kọrin. Nítorí náà ó fi ọdún sí ọdún gbọ́ wọn, kí ó lè dá a lójú pé ọ̀kan kì í gba ohùn èkejì sọ. Ó yìnbọn pa díẹ̀ nínú wọn, ó fi wọ́n lélẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó wọ̀n wọ́n, ó sì yẹ ẹsẹ̀ wọn wò. Ó rí i pé Olórin tóbi ju Chiffchaff lọ ní gbogbo ọ̀nà. Nínú ìwọ̀n tí ó ṣe, Chiffchaff fi ìdá kan nínú márùn-ún fúyẹ́ ju Olórin. Ẹsẹ̀ Olórin ní àwọ̀ ẹran ara, ẹsẹ̀ Chiffchaff sì dúdú. Ìwé rẹ̀ ojoojúmọ́ sì fi hàn pé ìgbà tí wọ́n ń dé kò papọ̀. Chiffchaff ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣáájú gbogbo ẹyẹ àlejò, láti àárín oṣù Kẹta ni ohùn rẹ̀ sì ti ń dún.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1768, ó kọ̀wé sí Pennant pé òun mọ àwọn méjì wọ̀nyí dájúdájú, òun sì rò pé ẹ̀kẹta wà tí ọwọ́ òun kò tíì tẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé òun ti rí ohun tí òun kò tíì rí. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ ẹ̀kẹta, èyí tí ó tóbi jù, tí ó sì máa ń wà ní orí àwọn igi gíga lórí òkè Selborne. Nígbà náà ni ó tó sọ pé kò sí iyèméjì mọ́. Ní 1817 ni Vieillot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó fún Chiffchaff ní orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é títí di òní. White ti kú ní ọdún 24 ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ etí rẹ̀ dúró.

Ìwádìí àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti fi ohun mìíràn kún un, èyí tí ó kan àwa tí a wà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìyẹ́ Olórin gùn ju ti Chiffchaff lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìrìn àjò wọn kò dọ́gba. Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ Chiffchaff kì í lọ jìnnà ju àwọn ilẹ̀ tí ó yí Òkun Mẹditaréníà ká, àwọn mìíràn sì ń dé Senegal àti àwọn ilẹ̀ etí aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n Olórin ń la gbogbo aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ó ń dé Nàìjíríà nígbà tí òjò bá ń parí lọ, ó ń gbé láàárín wa ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń padà nígbà tí òjò tuntun bá ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni ó ń pààrọ̀ gbogbo ìyẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ní òkè-òkun, ọ̀kan ní ilẹ̀ Áfíríkà. Aṣọ tí ó wọ̀ lọ kọrin ní Selborne, níhìn-ín ni ó ti rán an. A sì máa kọrin níhìn-ín pẹ̀lú kí ó tó lọ.

White kò mọ èyí. Níhìn-ín ni a gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ti kù, nítorí a kì í fi ẹ̀yìn ẹni ire pamọ́ kí a lè yìn ín. Ọ̀ràn tí ó dùn ún jù ni ti alápàńdẹ̀dẹ̀. Níbo ni wọ́n ń lọ nígbà òtútù? John, àbúrò rẹ̀, tí ó jẹ́ àlùfáà àwọn ọmọ-ogun ní Gibraltar, kọ̀wé sí i pé òun ń rí àwọn ẹyẹ tí ń la ojú omi kọjá sí ìhà Áfíríkà. White gbà pé àwọn kan ń lọ. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò kúrò lórí èrò àwọn ènìyàn ìgbà náà pé àwọn mìíràn lè máa sùn nínú ihò títí òtútù yóò fi kọjá. Ní 1781 ó mú kí a wá wọn láàárín gbòǹgbò igi kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Wọn kò rí ẹyọ kan, òun náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò rí i. Ní 1911 ni a fi òrùka sí ẹsẹ̀ alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ní Staffordshire ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1912, a mú un ní Natal ní Gúúsù Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn tí ó da White láàmú ṣe yanjú. Bí ó bá ṣeé ṣe fún un láti dé Ebbaken, ní agbègbè Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, ojú rẹ̀ ìbá rí ibi tí alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ti ń kóra jọ sùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wa.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ti ojú rẹ̀ bọ́. Ìbátan rẹ̀ obìnrin kan ní Ringmer ní ahun kan tí a ń pè ní Timothy, orúkọ ọkùnrin. Nígbà tí ìyá àgbà náà kú ní 1780, White gbé ahun náà wá sí Selborne, ó sì ń kíyè sí oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀ fún ọdún 13. Lẹ́yìn ikú àwọn méjèèjì ni a tó mọ̀ pé abo ni Timothy. Karaun rẹ̀ wà ní ilé ìṣúra àwọn ẹ̀dá ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ẹni tí ó fi etí ya ẹyẹ sọ́tọ̀ kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo nínú ọgbà ara rẹ̀. Ọgbọ́n ènìyàn kò pé lọ́wọ́ ẹnìkan.

Ní òpin ọdún 1788 ni Benjamin, àbúrò rẹ̀ tí ó ń tẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ àwọn lẹ́tà náà jáde ní ìwé, ọdún 1789 sì ni a kọ sí iwájú rẹ̀. Ọjọ́ orí White ti di 68. Ìwé tí ó sọ nípa abúlé kan ṣoṣo yìí di èyí tí a ń kà jákèjádò ayé, títí di òní a kò sì dáwọ́ títẹ̀ rẹ̀ dúró. Charles Darwin kà á ní ọmọdé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìṣesí ẹyẹ sílẹ̀. White ti sọ nínú rẹ̀ pé ekòló, tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ni ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀ fún ohun ọ̀gbìn. Ní 1881, Darwin fi odindi ìwé kan sọ̀rọ̀ lórí ekòló.

Gilbert White kú ní Selborne ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 1793, ó sì jẹ́ ẹni ọdún 72. Inú ọgbà ìjọ ni a sin ín sí. Lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ikú rẹ̀ nìkan ni ó wà lára òkúta kékeré orí ibojì rẹ̀. Láti 1955 ni a ti ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wò ó.

Kí ni èyí jẹ́ fún wa, tí iṣẹ́ olùkọ́ ni a ń kọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a ó rán lọ sí abúlé tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, ọkàn ẹlòmíràn yóò sì rẹ̀wẹ̀sì pé a ti gbé òun sin láàyè. White kò gbà pé abúlé ni ó kéré, ó rò pé ojú tí a fi ń wò ó ni ó ń kéré. Ní Igbódìgò níhìn-ín, ẹ wo àwọn ẹ̀gà tí ń ya màrìwò ọ̀pẹ láti fi hun ilé wọn. Gbogbo wọn ni à ń pè ní ẹ̀gà. Ṣùgbọ́n lórí igi kan náà, ní ilẹ̀ igbó wa ní gúúsù, irú méjì ni a sábà máa ń rí. Akọ èkínní ní àwọ̀ ìyeyè, orí rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Akọ èkejì dúdú, ara rẹ̀ pọ́n bí obì, ojú rẹ̀ kò sì pọ́n bí ti èkínní. Ǹjẹ́ ohùn wọn bára mu? Èwo ni ó ń kọ́kọ́ hun ilé bí òjò bá dé? Olùkọ́ tí ó bá ní ìwé kékeré kan àti sùúrù lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ wádìí èyí láìná kọ́bọ̀.

Ẹ̀kọ́ náà sì kọjá ti ẹyẹ. Ní ọjọ́ tí olùkọ́ tuntun bá kọ́kọ́ wọ kíláàsì, aṣọ kan náà ni gbogbo ọmọ wọ̀, ojú wọn sì jọra. Ẹni tí kò bá ní sùúrù yóò pe gbogbo wọn ní orúkọ kan: olódo, tàbí aláìgbọràn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ pé èyí tí ó dákẹ́ ń bẹ̀rù ni, tọ̀hún kò gbọ́ràn dáadáa, èyí sì mọ ìṣirò ju bí ó ti lè sọ ọ́ lọ. Kí a tó sọ pé ọ̀kan ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohùn wọn.